Ìdánwò Omi àti Ajílẹ̀ lórí Ilẹ̀ Gbígbẹ

Ìdánwò omi àti ajílẹ̀ ni irú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ń ṣe nínú pápá láti mọ ohun tí kò jẹ́ kí koríko, irúgbìn àti igi dàgbà tó bó ṣe yẹ níbi tí òjò kò ti pọ̀. Wọ́n á pín ilẹ̀ kan sí abala kéékèèké. Wọ́n á bomi rin àwọn kan, wọ́n á fi ajílẹ̀ sí àwọn mìíràn, wọ́n á fún àwọn kan ní méjèèjì, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Nígbà tí òjò bá kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á gé ohun tó hù lórí abala kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sá a títí yóò fi gbẹ, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi ti èyí wé ti ìyẹn.

Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ṣé òùngbẹ ló ń gbẹ ilẹ̀ yìí ni, àbí ebi ló ń pa á? Ẹni tó bá fi ojú lásán wo ilẹ̀ Sàhẹ́lì, ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yóò ní òùngbẹ ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí wọ́n ti ṣe ní Màlì, ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, ní Bùrkínà Fasò àti ní òkè ọya ilẹ̀ wa láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ti fi hàn pé níbi púpọ̀, ebi ló kọ́kọ́ ń pa ilẹ̀ kí òùngbẹ tó dé. Láti mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì sì ti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn ìdánwò náà.

Ohun tó ń jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ

Kì í ṣe bí òjò ṣe kéré tó nìkan ni àwọn onímọ̀ fi ń pe ilẹ̀ ní gbígbẹ. Wọ́n máa ń fi òjò ọdún kan wé ìwọ̀n omi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ì bá fà lọ láàárín ọdún náà ká ní omi wà nílẹ̀ tí wọ́n lè fà. Bí òjò kò bá tó ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí oòrùn lè fà, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń pè é. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti pín in sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Ìdá 50 sí 65 ni èyí tí ó gbẹ díẹ̀, ìdá 20 sí 50 ni èyí tí ó gbẹ níwọ̀nba, ìdá 5 sí 20 ni èyí tí ó gbẹ gan-an, èyí tí kò sì tó ìdá 5 ni aṣálẹ̀ paraku. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó nǹkan bí ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé, àwọn èèyàn tó ń gbé orí rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù méjì lọ.

Ẹni tó bá gbéra ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ tó sì ń lọ sókè ní tààrà yóò rí bí òjò ṣe ń dín kù lójú ọ̀nà. Létí ọ̀sà níbí, òjò ọdún kan máa ń kọjá 1,400 mílímítà, ó ń pín ara rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀méjì, ó sì máa ń dánu dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Tí èèyàn bá dé Zaria, ó ti kù sí nǹkan bí 1,000 mílímítà, ìgbà kan ṣoṣo ló sì ń rọ̀. Ní ẹ̀bá Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r, nǹkan bí 550 mílímítà ló kù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń rọ̀ láàárín oṣù Òkúdù sí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Tí a bá sún mọ́ aṣálẹ̀ Sàhárà, kò tó 200 mọ́. Sàhẹ́lì ni orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀já ilẹ̀ tó wà láàárín aṣálẹ̀ àti ilẹ̀ ọ̀dàn yìí, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Sùdáànù.

Òùngbẹ àti ebi

Èrò tó wà lẹ́yìn ìdánwò yìí ti pẹ́. Ní 1828, Carl Sprengel, onímọ̀ ará Jámánì, kọ̀wé pé ohun tó bá ṣọ̀wọ́n jù nínú ohun tí irúgbìn nílò ló ń pinnu bí irúgbìn náà yóò ṣe dàgbà tó. Justus von Liebig, ará ìlú rẹ̀, ló wá sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ láti 1840. Kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ òfin náà. Bí gàrí bá ku ìkúnwọ́ kan nínú àpò, kò sí bí omi gbígbóná ṣe lè pọ̀ tó tí èbà yóò fi tó èèyàn mẹ́ta jẹ. Bó sì ṣe gàrí ló pọ̀ tí omi kò sí, ebi náà ni wọ́n á sùn.

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ gbà ni pé omi ni ìkúnwọ́ gàrí náà. Ní 1973, Imanuel Noy-Meir, onímọ̀ ará Ísírẹ́lì, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa aṣálẹ̀ ṣì ń kà títí dòní. Ó ní omi ló ń darí ohun gbogbo níbẹ̀, òjò rẹ̀ kì í sì í rọ̀ déédéé: á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dáwọ́ dúró, ohun ẹlẹ́mìí á jí, á sì tún padà sùn.

Ṣùgbọ́n irúgbìn kì í mu omi lásán. Náítírójìn ló fi ń kọ́ ewé, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló fi ń ta gbòǹgbò tó sì fi ń gbọmọ, inú omi ilẹ̀ sì ni gbòǹgbò ti ń fa méjèèjì. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń sọ ewé jíjẹrà di oúnjẹ á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nítorí náà, omi tó wọ ilẹ̀ lè mú irúgbìn dàgbà nítorí pé ó pa òùngbẹ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé oúnjẹ tó bá omi náà rìn ló ṣe é. Ẹni tó bá wo òjò àti koríko nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àfi kéèyàn fún abala kan ní omi láìfún un ní oúnjẹ, kó sì fún òmíràn ní oúnjẹ láìfún un ní omi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ó kéré tán, irú abala mẹ́rin ni ìdánwò yìí ń ní: èyí tó gba omi, èyí tó gba ajílẹ̀, èyí tó gba méjèèjì, àti èyí tí kò gba nǹkan kan. Abala kẹrin yìí ni òpó ìdánwò, nítorí òun ni wọ́n ń fi ìyókù wé. Wọn kì í sì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ kan náà lè ní ibi tí kòtò wà, ibi tí ikán ti mọlé rí, tàbí ibi tí màlúù ti sùn lọ́dún tó kọjá. Nítorí èyí, wọ́n máa ń tún abala kọ̀ọ̀kan ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì ṣẹ́ gègé láti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí, kí ọwọ́ olùwádìí má baà yan ibi tó dára fún èyí tó wù ú.

Ìwọ̀n omi rọrùn láti ṣírò. Mílímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Bí abala kan bá jẹ́ mítà márùn-ún níbùú àti márùn-ún lóròó, tí wọ́n fẹ́ fi 20 mílímítà kún òjò rẹ̀, lítà 500 ni wọ́n ní láti gbé wá, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọ̀nà ogún, fún ẹyọ abala kan, ní ọjọ́ kan. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó jẹ́ kí ìdánwò omi ṣọ̀wọ́n ju ìdánwò ajílẹ̀ lọ nílẹ̀ Sàhẹ́lì, níbi tí kànga ti lè jìn sí pápá.

Ajílẹ̀ fúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Láti fi gíráàmù mẹ́wàá náítírójìn sí mítà kan níbùú lóròó, tó jẹ́ 100 kílò lórí hẹ́kítà kan, abala kan náà kò nílò ju nǹkan bí gíráàmù 540 yúríà lọ, nítorí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún yúríà ló jẹ́ náítírójìn.

Ọ̀nà kan tún wà láti yí omi padà láìgbé kẹ́ẹ̀gì kankan. Ní 2002, Laura Yahdjian àti Osvaldo Sala ṣàlàyé òrùlé tí wọ́n ṣe ní Patagonia lórílẹ̀-èdè Ajẹntínà. Wọ́n to ọ̀pá pẹlẹbẹ tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá sórí abala, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ìdá òjò tó bá bọ́ sórí ọ̀pá á ṣàn dànù, ìyókù á bọ́ sílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dá ọ̀dá sílẹ̀ nínú ọdún tí òjò dára, oòrùn kò sì ní dín kù púpọ̀ lórí koríko náà.

Láti Rothamsted dé Samaru

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òjò kì í ti í wọ́n, ni ìdánwò ajílẹ̀ onígbà pípẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Rothamsted, John Lawes àti Joseph Gilbert bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àlìkámà ní 1843, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ti koríko ní 1856. Méjèèjì ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ibẹ̀ náà ni Ronald Fisher lọ ṣiṣẹ́ ní 1919. Òun ló fi ìdí ṣíṣẹ́ gègé abala múlẹ̀, òun náà ló sì kọ́ àwọn onímọ̀ pé ó dára láti dán nǹkan méjì tàbí mẹ́ta wò pọ̀ nínú ìdánwò kan, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn.

Ọgbọ́n náà dé Nàìjíríà. Ní Samaru, lẹ́bàá Zaria, níbi tí iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wá di ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962 wà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní 1950 tó ń fi ìgbẹ́ màlúù, náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ́ọ̀mù wé ara wọn lórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún. Ní Bùrkínà Fasò, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Saria ní 1960 lórí ọkà bàbà. Ẹ̀kọ́ tí méjèèjì kọ́ni jọra. Ajílẹ̀ oníkẹ́míkà máa ń mú ìkórè pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lo òun nìkan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ á kan, ìkórè á sì máa relẹ̀. Abala tí ìgbẹ́ màlúù bá dé ni kò tètè ṣá. Ìdánwò ọdún méjì kò lè rí èyí. Àfi ẹni tó bá fara balẹ̀ fún ogún ọdún.

Pápá koríko Niono

Ìdánwò tó yí èrò àwọn èèyàn padà jù nípa Sàhẹ́lì wáyé ní Màlì. Láàárín 1968 sí 1974, ọ̀dá tó mú níbẹ̀ pa ẹran ọ̀sìn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó sì lé àwọn darandaran kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Lójú ayé, òjò ni ẹlẹ́bi. Láti 1976, àwọn olùwádìí ará Màlì àti ará Họ́lándì dara pọ̀ ní pápá ẹran ọ̀sìn tó wà ní Niono, wọ́n sì ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan: bí òjò bá rọ̀ dáadáa, ṣé koríko yóò pọ̀ tó bí òjò náà ṣe pọ̀ tó? Wọ́n bomi rin abala, wọ́n fi náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí i, wọ́n sì tẹ̀ lé omi bó ṣe ń wọlẹ̀ àti bó ṣe ń kúrò. Ìwé ìwádìí náà, tí Penning de Vries àti Djitèye ṣe olóòtú rẹ̀, jáde lédè Faransé ní 1982. Ní 1983, Henk Breman àti Cornelis de Wit gbé kókó rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Science.

Ohun tí wọ́n rí ni pé níbi tí òjò ọdún kan kò ti tó nǹkan bí 250 sí 300 mílímítà, omi ló ń di koríko lọ́wọ́. Kọjá ibẹ̀, tó fi mọ́ apá tó pọ̀ nínú Sàhẹ́lì fúnra rẹ̀, náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n fún ní oúnjẹ, òjò kan náà mú koríko jáde ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibo ni omi náà ń lọ tẹ́lẹ̀? Koríko tí ebi ń pa kì í ní ewé púpọ̀. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìdí kan sí èkejì á wà níhòòhò, oòrùn á fa omi rẹ̀ lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ náà kì í rìn jìn, nítorí náà èyí tó bá rì sísàlẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Omi wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnu tí yóò mu ún. Bí wọ́n ṣe fún koríko ní oúnjẹ ni ó tó ní ẹnu tó lè fi mumi.

Èyí tún túmọ̀ ìrìnàjò àwọn Fúlàní darandaran sí nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé omi nìkan ni wọ́n ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò gan-an, nígbà tí koríko ti ga ní gúúsù, ni wọ́n máa ń kó màlúù lọ sí àríwá, níbi tí koríko ti kúrú. Ìdí rẹ̀ ni pé ní àríwá, omi máa ń tán kí koríko tó lo oúnjẹ ilẹ̀ tán, ó sì máa ń gbẹ pẹ̀lú adùn lára. Ní gúúsù, òjò máa ń na koríko sókè, oúnjẹ díẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ á tẹ́ pẹẹrẹ lára rẹ̀, yóò sì dà bíi pòròpórò lẹ́nu ẹran. Ohun tí àwọn darandaran ti mọ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn ni òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́rìí sí.

Sadoré àti ìdérí ìgò

Ní àwọn ọdún 1980, ICRISAT, iléeṣẹ́ ìwádìí àgbáyé tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Íńdíà, dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Sadoré, ní tòsí Niamey. Ìdá tó ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ yanrìn. Jéró ni oúnjẹ àwọn ará ibẹ̀. André Bationo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún dán ilẹ̀ náà wò, wọ́n sì rí i pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ṣọ̀wọ́n jù. Bí wọ́n bá da náítírójìn sílẹ̀ láìsí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, jéró kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ṣe nǹkan kan.

Ìmọ̀ yìí kò wúlò fún àgbẹ̀ tí kò lówó tí yóò fi ra àpò ajílẹ̀ mẹ́ta. Láti àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán nǹkan mìíràn wò. Dípò kí wọ́n fọ́n ajílẹ̀ káàkiri oko, wọ́n á fi ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irúgbìn: gíráàmù mẹ́fà NPK 15-15-15 (ajílẹ̀ tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ́ọ̀mù), tó jẹ́ ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tàbí ohun tí ìka mẹ́ta lè bù. Bí ihò bá jẹ́ 10,000 lórí hẹ́kítà kan, 60 kílò péré ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí oko àwọn àgbẹ̀ ní Nìjẹ̀r, Màlì àti Bùrkínà Fasò, ìkórè jéró àti ọkà bàbà fi nǹkan bí ìdá 44 sí 120 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oko tí wọn kò ṣe é sí lọ.

Omi kọ́ ni wọ́n fi kún un. Òjò ọdún náà ni òjò ọdún náà. Ṣùgbọ́n jéró tó rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní kékeré á tètè ta gbòǹgbò, á wọlẹ̀ lọ pàdé omi tí ìkejì rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀, kó tó di pé òjò gé.

Zaï: nígbà tí méjèèjì bá pàdé

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ Yatenga, ní àríwá Bùrkínà Fasò, ti ń gbẹ́ ihò tí wọ́n ń pè ní zaï sórí ilẹ̀ tó ti le koko. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 40, ó sì jìn tó 10 sí 20. Wọ́n á bu ìgbẹ́ ẹran tàbí ewé jíjẹrà sí i. Ikán á wá jẹ ẹ́, á sì lu ilẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Nígbà tí òjò bá dé, omi tí ì bá ṣàn kọjá á dúró nínú ihò, á sì gba ojú ọ̀nà ikán wọlẹ̀. Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ ará Gourga, ló tún un ṣe tó sì tan án kálẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018, ó sì di olóògbé ní oṣù Ọ̀pẹ 2023.

Ní Damari àti Kakassi ní Nìjẹ̀r, Dougbedji Fatondji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú zaï sí wẹ́wẹ́ láti mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n gbin jéró sínú ihò tí kò ní nǹkan kan nínú, sínú ihò tó ní ìgbẹ́ màlúù, àti sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó gba ìgbẹ́ kan náà. Ihò lásán, tó gba omi ṣùgbọ́n tí kò ní oúnjẹ, kò so èso tó ṣeé fi yangàn. Nígbà tí ìgbẹ́ wọ inú ihò ni ìkórè tó pọ̀, ó sì pọ̀ ju ti ìgbẹ́ kan náà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ. Omi àti oúnjẹ kì í wulẹ̀ ṣe ohun méjì tí èèyàn ń rò pọ̀. Ọ̀kan ló ń mú kí èkejì wúlò.

Àkọ́rọ̀ òjò

Gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ló mọ òórùn tí ilẹ̀ máa ń yọ nígbà tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ọ̀pọ̀ sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá gbìn nígbà náà máa ń yára ju ti ẹ̀yìn lọ. Ní 1958, Harry Birch, tó ń ṣiṣẹ́ ní Muguga lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù mélòó kan bá tún rí omi, àwọn kòkòrò tíntìntín inú rẹ̀ á jí lójijì, wọ́n á jẹ ohun tó ti kú sílẹ̀, náítírójìn púpọ̀ á sì tú sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí irúgbìn bá ti wà nílẹ̀, òun ni yóò jẹ ẹ́. Bí kò bá sí nílẹ̀, òjò tó bá tẹ̀ lé e á gbé e lọ sísàlẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe ìdánwò omi kò fi ń wo iye omi nìkan mọ́. Ọgọ́rùn-ún mílímítà tó rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tó rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀méjì. Òjò kékeré lè jí kòkòrò inú ilẹ̀ láìtó fún gbòǹgbò láti mu, nígbà tí òjò ńlá lè rin ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kí irúgbìn lè lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tí ìyókù ayé rí

Ohun tí Sàhẹ́lì fi hàn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní 2011, Yahdjian, Laureano Gherardi àti Sala kó ìdánwò náítírójìn láti ilẹ̀ gbígbẹ káàkiri ayé jọ. Wọ́n rí i pé tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, fífi náítírójìn kún ilẹ̀ mú koríko pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlàjì ohun tó máa ń hù tẹ́lẹ̀. Ní 2005 ni ẹgbẹ́ Nutrient Network bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí àwọn olùwádìí lè ṣe ìdánwò kan náà, pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, lórí pápá koríko ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Èyí wá ojútùú sí ìṣòro àtijọ́ kan: kò rọrùn láti fi èsì ibì kan wé ti ibòmíràn bí kálukú bá ń lo ìwọ̀n tirẹ̀. Ní 2015, wọ́n ròyìn pé nínú ibùdó 42, oúnjẹ ilẹ̀ ló ń di koríko lọ́wọ́ ní 31. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n ju ẹyọ kan lọ.

Àmọ́ ẹgbẹ́ náà rí ohun kan tí àgbẹ̀ kì í kà. Níbi tí ajílẹ̀ bá pọ̀ sí, irú koríko tó ń gbé pọ̀ máa ń dín kù. Àwọn tó yára ga á bo àwọn kúkurú mọ́lẹ̀, wọn kì í sì í rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Pápá náà á tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n irú koríko púpọ̀ ti parun nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Èsì ìdánwò kan lè ṣi èèyàn lọ́nà bí kò bá mọ ibi tó ti wá. Ọdún tí òjò dára máa ń gbé èsì ajílẹ̀ ga. Ọdún tí òjò gé lójijì lè sọ oko tó gba ajílẹ̀ di èyí tó kọ́kọ́ rọ, nítorí ewé rẹ̀ pọ̀, ó sì ti mu omi tán ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Abala onímítà márùn-ún kì í ní màlúù, kì í ní iná inú igbó, kì í sì í ní ọmọ tó ń ṣẹ́gi. Ilẹ̀ tó kan nítorí ajílẹ̀, bí ti Samaru àti Saria, kì í fara hàn láàárín ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó: ohun tí ìwọ̀n fi hàn pé ó ṣeé ṣe lè má ṣeé rà lọ́jà.

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ilẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó kan àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni oúnjẹ. Ẹ̀wà, tòmátò, àlùbọ́sà àti ata tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ọjà Máìlì 12, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ń ti òkè ọya wá, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ gbígbẹ Nàìjíríà wà. Ohun tí ilẹ̀ Kánò tàbí Sókótó bá jẹ tàbí tí kò jẹ, a máa ń rí i nínú iye tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ tòmátò.

Èkejì ni pé ìbéèrè kan náà wà nínú oko tiwa, ó kàn kọjú sí ọ̀nà mìíràn ni. Ilẹ̀ yanrìn ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ létí ọ̀sà. Òjò tó ń rọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún máa ń fọ oúnjẹ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó sì ń mú kí ilẹ̀ kan. Ní Sàhẹ́lì, omi kò tó nǹkan, oúnjẹ kò sì tó láti fi mu ún. Níbí, omi ń ṣẹ́ kù, òun náà ló sì ń kó oúnjẹ lọ. Àwọn baba wa fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi kí ó lè padà bọ̀ sípò. Nísinsìnyí tí ilé ti ń gba ilẹ̀ oko, ìsinmi náà ti kúrú, ìgbẹ́ adìẹ àti NPK ló sì rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn tó ń dá àkùrọ̀ bá ń gbin ẹ̀fọ́ àti ewédú, oṣù méjì tàbí mẹ́ta wà tí ilẹ̀ wọn náà ń dà bíi ti òkè ọya.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣe oko rẹ̀ lè ṣe ohun tí wọ́n ṣe ní Niono, ní kékeré. Kó kọ ebè ẹ̀fọ́ méjìlá tó dọ́gba lórí ilẹ̀ kan náà. Kó ṣẹ́ gègé, kó fún mẹ́ta ní omi ju ti ìgbà gbogbo lọ, kó fún mẹ́ta ní ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, kó fún mẹ́ta ní méjèèjì, kó sì máa tọ́jú mẹ́ta ìyókù bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kó fi òṣùwọ̀n ọjà wọn ohun tó bá gé lórí ebè kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ebè tó gba omi nìkan kò bá ju èyí tó ń tọ́jú bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, tí èyí tó gba ìgbẹ́ nìkan sì ga ju ú lọ, ó ti rí ìdáhùn. Ẹ̀rọ tó ń fa omi tó ń ronú àtirà lè dúró ná. Ebi ló ń pa ilẹ̀ náà.